Òórùn Èéfín Nínú Tíì Ìyá Mi

Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Mọníyà, tíì ni gbogbo ohun gbígbóná tó bá ti wà nínú kọ́ọ̀bù. Kòkó lẹ́búlẹ́bú, tíì ni. Kọfí, tíì ni. Omi gbígbóná tí wọ́n bu oyin sí fún ọmọ tó ń wúkọ́, tíì náà ni. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ Áńgílíkà, kì í mu òmíràn ju tíì pupa inú àpò lọ. Wọ́n á da mílíìkì inú agolo sí i títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti bíríkì, wọ́n á sì máa rò ó títí tí ṣíbí á fi máa dún lára kọ́ọ̀bù káàkiri ilé.

Ìyá mi kì í bá wọn mu ún. Tíṣà ni àwọn náà, ṣùgbọ́n ewé ni wọ́n máa ń sè ní tiwọn. Koríko ọba, tí gbogbo wa ń pè ní ewé tíì, hù gọ̀ǹgọ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ wa. Wọ́n á gé e, wọ́n á sá a sábẹ́ òjìji, lẹ́yìn náà wọ́n á yan án nínú ìkòkò gbígbẹ títí gbogbo ilé á fi máa rùn bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Wọ́n máa ń so èèpo ọsàn kọ́ sókè ààrò, níbi tí èéfín á ti rọra sọ ọ́ di dúdú. Ìyẹn ni wọ́n á rún lé ewé náà lórí, kí wọ́n tó da omi híhó sí i. Wọn kì í fi ṣúgà sí i. Iyọ̀ ni, èyí tí kò ju ohun tí orí ìka lè mú lọ.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń mu ún, pàápàá bí òjò bá ṣú. Wọ́n á gbé àpótí wọn sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á kọjú síta, wọ́n á gbá kọ́ọ̀bù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Àwa ọmọ mọ̀ pé a kì í bá wọn sọ̀rọ̀ lásìkò yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a ṣáà mọ̀ ni. Nígbà mìíràn wọ́n á yí orí díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ pé wọ́n ń pe òun láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún mu tíì wọn.

Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní níbi tí àwọn ti lọ ṣe kọ́ọ̀sì ni. Gbogbo wa la mọ̀ nípa kọ́ọ̀sì náà. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé nígbà tí Ìyá lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo ti ń pe àbúrò Bàbá tó wá ń tọ́jú wa ní Màmá. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ti rù, wọ́n ti gé irun wọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni lóòótọ́. Mo sá sẹ́yìn àbúrò Bàbá. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rántí nípa ìyá mi.

Nígbà tí wọ́n kú, mo ti di ìyá ọmọ. Mo gbìyànjú láti sè tíì náà fún ara mi. Mo yan ewé, mo so èèpo ọsàn kọ́ sókè sítóòfù kẹrosíìnì, ohun tó jáde sì ń rùn bíi kẹrosíìnì. Mo dà á nù. Ọdún ń gorí ọdún, mo sì rò pé ẹnu mi ti gbàgbé rẹ̀.

Akọ̀wé ni mí ní iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ilé wa, ní ẹ̀ka tó ń rí sí bí a ṣe ń sọ irè oko di ohun títà. Láìpẹ́ yìí, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti Lálúpọn, Ẹgbẹ́dá àti apá Akáńrán kó ewé gbígbẹ wá bá wa. Wọ́n fẹ́ máa dì í sínú àpò kéékèèké, kí wọ́n máa tà á fún àwọn ará ìgboro tó ń wá tíì ìbílẹ̀ báyìí nítorí ìlera. Ọ̀gá wa ní ká tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, ká sì fi tíì ilé ìtajà sáàárín wọn, kí a lè mọ èyí tó lè bá wọn dúró lọ́jà. Wọ́n mú mi mọ́ àwọn atọ́wò torí pé mi kì í jẹ obì, mi ò sì fẹ́ràn ata. Wọ́n ní ẹnu mi á mọ́.

Wọ́n to ife funfun pẹlẹbẹ síwájú wa nínú yàrá tí wọ́n ti fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. Lẹ́tà nìkan ló wà lára ife kọ̀ọ̀kan. Omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí a ó fi yọ́ ẹnu, búrẹ́dì tí kò ní iyọ̀ wà pẹ̀lú, a ò sì gbọdọ̀ bá ara wa sọ̀rọ̀.

Mo gbádùn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ń mọ èyí tó wá láti ilé ìtajà. Ọ̀kan ń rùn bí èso pupa tí wọ́n ń fi sínú súwíìtì, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n tí o bá mu ún tán, kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ ju omi gbígbóná lọ. Ọ̀kan dà bí ìgbà tí èèyàn fi ọṣẹ ìfọyín fọ ẹnu tó wá gbé omi gbígbóná mì. Èyí tí wọ́n ń pè ní gíríìn tíì, tí àwọn ọmọ ìgboro ń mu kí ikùn wọn lè fà, rán mi létí omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tiwa. Ti ìṣápá kan gbọ̀ngbọ̀n, ó fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀. Ti efinrin jọ omi ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé láti fi ata sí, ọ̀gbẹ́ni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì rọra rẹ́rìn-ín nígbà tó kàn án, mo mọ̀ pé ohun kan náà ló rò. Ti ewé gúáfà mú ahọ́n gbẹ. Èyí tó ní ewé tíì àti atalẹ̀ dára púpọ̀. Ó móoru lọ sí àyà, ó sì fi adùn díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Mo fún un ní máàkì tó ga.

Mo yọ́ ẹnu mi, mo sì gbé èyí tó kàn.

Ẹnu mi mọ̀ ọ́n kí èmi tó mọ̀ ọ́n. Èéfín ló kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ọsàn, ọsàn tó ti gbó nínú èéfín yẹn, lẹ́yìn náà ewé yíyan. Ìgbà tí mo gbé e mì tán ni iyọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n mi. Mo yíjú sẹ́yìn. Ògiri ló wà lẹ́yìn mi, pẹ̀lú àga kan tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan dúró níbẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tí wọn ò ní sọ̀rọ̀, tí mo kàn máa ń mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ látinú èémí wọn.

Mo mu ún tán. A ò gbọdọ̀ mu ju díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo mu ún tán. Nígbà tó yá tí wọ́n ní ká kọ máàkì, mi ò rí nǹkan kan kọ.

Nígbà tí a parí, tí a wá lè sọ̀rọ̀, ọ̀gbẹ́ni ẹ̀gbẹ́ mi ní ife yẹn ń rùn bí ẹja yíyan, àwọn yòókù sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ti ewé tíì àti atalẹ̀ ló gbégbá orókè. Láti Lálúpọn ló ti wá. Ti eléèéfín ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Mo béèrè ibi tí ìyẹn ti wá bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn gan-an, wọ́n sì ní abúlé kan ni, lẹ́yìn Akáńrán.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ mi nínú ilé wa àtijọ́ yìí, wọ́n ti dàgbà gan-an, mi ò sì fẹ́ da ọkàn wọn láàmú lórí ohun tó lè jẹ́ èèṣì lásán. Ṣùgbọ́n ohun náà kò fi mí sílẹ̀. Bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, tí ojú ọ̀run bá sì ṣú, òórùn koríko yíyan á gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Mo ti sáré wọ ilé ìdáná ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí n lọ pa iná. Kò sí iná. Ìkòkò wà ní ìdojúdé níbi tí mo dojú rẹ̀ dé sí. Nígbà kan, mo bá ara mi tí mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, tí mo yí orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mi ò sì mọ ohun tí mo ń gbọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo ti ilẹ̀kùn náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún Bàbá pé mo ń lọ kí ọ̀rẹ́ kan. Mo wọ mọ́tò dé Ìwó Road, mo wọ òmíràn dé Akáńrán, mo sì gun ọ̀kadà wọ inú oko lọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Oko ẹ̀gẹ́ àti kòkó tó ti gbó ló wà lọ́tùn-ún lósì, omi sì ń kán lára ewé. Nígbà tí a dé abúlé náà, mo béèrè ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ alágbo tíì, wọ́n sì júwe ilé onípáànù kan fún mi, níbi tí ìyá arúgbó kan jókòó sí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣa ewé.

Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó rò pé iléeṣẹ́ ló rán mi. Mo sọ fún un bí tíì wọn ṣe ṣe. Kò yà á lẹ́nu.

"Èéfín yẹn ni wọn ò fẹ́," ó ní. "Àwọn ọmọ mi ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi ṣe fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò lè yí i padà."

Mo béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó ní ìyá òun kò kọ́ ọ níbì kan, nítorí aláìsàn kan tó wà lọ́dọ̀ àwọn láyé ìgbà kan ló ṣe ṣe é. Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ ló gbójú sókè tó wò mí dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí ewé.

"Ẹ jọ ẹnì kan," ó ní. "Ẹ dákun, ọmọ Tíṣà ni yín?"

Mo ní ọmọ tíṣà ni mí, bàbá mi àti ìyá mi ni tíṣà.

"Tíṣà obìnrin, tó wá láti Mọníyà. Ọkọ wọn ti kọ́ni ní ilé-ìwé wa níbí rí, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí ilé-ìwé mìíràn." Kò dúró gbọ́ ìdáhùn mi. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ìwọ lo kéré jù nínú àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Orúkọ rẹ ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè, nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ èèyàn."

Bí mo ṣe gbọ́ nípa kọ́ọ̀sì ìyá mi nìyẹn. Ọmọbìnrin ni ìyá arúgbó yìí nígbà yẹn, kò tíì lọ́kọ, ó sì rántí gbogbo rẹ̀.

Ìyá mi bí ọmọ kan tẹ̀ lé mi. Obìnrin ni. Kò tíì pé ọjọ́ ìkómọ tí ó fi kú, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ìyá mi kò gbà pé ó kú. Nígbà tí wọ́n ti sin ín tán, ìyá mi ká ìró kan, wọ́n gbé e sáyà, wọ́n sì ń fún un lọ́mú. Wọ́n ní ẹ dákẹ́, ẹ ẹ̀ gbọ́ pé ó ń ké ni. Bàbá mi fi ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan gbé wọn wá sí oko yìí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì fà wọ́n lé ìyá ìjọ kan lọ́wọ́, obìnrin tí Bàbá mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ́ni níbẹ̀. Òun ló bí ìyá arúgbó tí mo jókòó tì yìí.

Ìyá mi kì í jẹun, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Ohun gbígbóná nìkan ni ẹnu wọn ń gbà. Ìyá ìjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tó lè ṣe, ó sì rò ó pé tíṣà ni obìnrin yìí, àti pé tíṣà kì í rí iṣẹ́ kó má fún un ní máàkì. Ní ọjọ́ kan, ó se tíì oríṣi méjì, ti ewé tíì àti ti efinrin, ó gbé méjèèjì síwájú wọn.

"Tíṣà," ó ní, "èwo ló dáa jù?"

Ìyá mi wo ife méjèèjì títí tí èéfín orí wọn fi lọ. Wọ́n tọ́ ọ̀kan wò, wọ́n tọ́ èkejì wò. Wọ́n wá fi ìka tọ́ka sí ti ewé tíì.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, oríṣi méjì ni wọ́n ń gbé síwájú wọn ní gbogbo ọ̀sán. Ọmọbìnrin ilé náà ló ń rin inú oko kiri tó ń wá ewé: ewé ọsàn wẹ́wẹ́, ewé gúáfà, ìṣápá, ewé mọ́ńgòrò, ohunkóhun tí kò lè pa èèyàn. Ó ní àwọn ará abúlé rò pé ìyá òun ń ṣe aájò, kò sì sọ fún wọn pé ìdánwò ni òun ń ṣe fún tíṣà. Ìyá mi ń fi ìka tọ́ka. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń fi ìka tọ́ka. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tọ́ ti ewé mọ́ńgòrò wò, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n sì sọ pé, "Èyí korò."

Ìyá ìjọ náà ní òótọ́ ni, ó korò, ó kó àwọn ife kúrò nílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ọmọ rẹ̀ ti bá a tó ń sunkún.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Èyí dára ju ti àná lọ. Ẹ se èyí jù. Ta ló já ewé yìí, kò tíì gbó. Nígbà tí òjò wá pọ̀, gbogbo ewé inú ilé rin, ìyá ìjọ náà sì kó wọn sínú ìkòkò gbígbẹ, ó fi iná yan wọ́n kí wọ́n má baà bàjẹ́. Ó rún èèpo ọsàn tó wà lókè ààrò sí i, kí adùn lè wà nínú rẹ̀. Ṣúgà ti tán, ló bá fi iyọ̀ sí i. Nígbà tí ìyá mi mu ún tán, wọ́n na ife náà sí i, wọ́n ní kí ó bu òmíràn fún àwọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tọrọ ohunkóhun nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti dé.

"Bàbá rẹ ń wá ní gbogbo Sátidé lórí kẹ̀kẹ́," ìyá arúgbó náà ní. "Tíṣà kì í jáde sí wọn. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí ọ̀sán á fi pọ́n, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ wọn padà. A máa ń fún wọn ní tíì náà. Wọn kì í lè mu ún."

Ó mú mi wọ yàrá tí ìyá mi gbé. Ewé ni wọ́n ń sá síbẹ̀ báyìí, lórí pẹpẹ onípákó, fèrèsé kékeré kan sì kọjú sí ọ̀nà tí mo gbà wọlé. Ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Afẹ́fẹ́ wọlé, gbogbo ewé náà sì mì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mi ò bẹ̀rù ìyá mi nínú yàrá yẹn. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni mo bẹ̀rù. Mo dúró, mo tẹ́tí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró díẹ̀ sí i èmi náà á gbọ́ ọ. Mo jáde.

Nígbà tí mo fẹ́ lọ, mo bi ìyá arúgbó náà bóyá ara ìyá mi ti dá kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ó ronú sí i.

"Ìyá mi bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ," ó ní. "Tíṣà sọ pé igbe yẹn ò tíì dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ti lè gbọ́ ohùn ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹ̀."

Ó di tíì díẹ̀ sínú ọ̀rá fún mi. Mo gbé e lé itan mi títí mo fi dé Mọníyà, gbogbo inú mọ́tò sì ń rùn, àwọn èèyàn ń wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tíì wọn. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo sọ ibi tí mo lọ lánàá. Wọ́n gbé kọ́ọ̀bù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n wá béèrè bóyá ìyá ìjọ náà ṣì wà láyé, mo ní ó ti kú, ọmọ rẹ̀ ni mo bá.

Wọ́n ní kí n má rò pé ojú ló ń ti àwọn. Àwọn ti rí bí wọ́n ṣe ń so àwọn tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀nì ní àwọn ilé àdúrà kan, tí wọ́n ń fi ẹgba lé ohun tí wọ́n ní ó wà nínú wọn jáde. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti ń dárúkọ irú ibẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá dé ilé-ìwé, wọn ò ní jẹ́ kí ìyá mi tún dúró níwájú ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa irọ́ kọ́ọ̀sì. Nígbà tí ìyá mi padà dé, irọ́ náà ti gbó, ó ti le, kò sì sẹ́ni tó tún mọ bí òun ṣe lè tú u.

"Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ń se tíì yẹn nílé yìí," Bàbá ní, "abẹ́ igi ọsàn yẹn ni mo máa ń wà."

Mo béèrè ibi tí wọ́n sin ọmọ náà sí.

Bàbá wo ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ìwé ni, wọ́n gbé e lọ sí ìpẹ̀kun oko ilé-ìwé, lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́, sábẹ́ igi ìyeyè kan. Ìyá mi bi wọ́n nígbà kan lẹ́yìn tí wọ́n padà dé. Bàbá dáhùn pé àwọn ti gbàgbé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí ìyá mi bá mọ ibẹ̀, wọn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé lóòótọ́?" mo ní.

"Mi ò gbàgbé."

Mo pe onítakisí kan tó mọ̀ wá, a sì lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá wọ kóòtù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìsìnkú. Oko ilé-ìwé kò sí mọ́. Wọ́n ti fẹ ọ̀nà, ṣọ́ọ̀bù ti tò síwájú, ẹ̀yìn wọn sì ni ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù, gbogbo ilẹ̀ náà funfun fún sìmẹ́ǹtì àti yanrìn. Bàbá fi ọ̀pá wọn rìn wọ àárín búlọ́ọ̀kù lọ. Wọ́n dúró, wọ́n tọ́ka sí ibì kan. Wọ́n wo ọ̀nà, wọ́n wo òkè tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n mi orí, wọ́n sì tún rìn lọ sí ibòmíràn. Wọ́n ń wá igi ìyeyè náà. Mo tẹ̀ lé wọn. Láti ibi kejì, wọ́n tún padà sí ibi àkọ́kọ́.

Ọkùnrin tó ni iṣẹ́ náà jáde láti abẹ́ páànù, ó dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá, ó béèrè irú búlọ́ọ̀kù tí a fẹ́.

"Rárá o," Bàbá ní. "A kàn wá wo ibẹ̀ ni."

Ọkùnrin náà wo kóòtù dúdú náà, ó wo ojú mi, kò sì béèrè mọ́. Ó gbé àga oníke kan wá fún Bàbá, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ibẹ̀ wá dákẹ́, àyàfi mọ́tò tó ń kọjá lójú títì.

Bàbá jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n ní àwọn òbí ti máa ń mú orúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ ìkómọ tó pé, àwọn náà sì ti mú ọ̀kan sílẹ̀ fún un, àwọn àti ìyá mi, kò sẹ́lòmíràn tó gbọ́ ọ rí. Wọ́n sọ orúkọ náà fún mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Wọ́n yíjú sí ilẹ̀ funfun náà, wọ́n tún pè é, jẹ́jẹ́ báyìí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ọmọ tó sùn, tí kò sì fẹ́ dẹ́rù bà á.

Àwa méjèèjì dákẹ́ níbẹ̀, a ń tẹ́tí.